Magellan, atukọ̀ tí kò padà dé ilé: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Magellan ni ẹni tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ojú omi yí ayé po. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti pa á ní erékùṣù kan ní Fílípíìnì ní ọdún kan àti oṣù mẹ́rin kí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ tó padà gúnlẹ̀ sí Sípéènì. Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn sábà máa ń bi wá nípa ọkùnrin yìí ni a dáhùn sísàlẹ̀ yìí, a ò sì fi bò pé ìyìn tí wọ́n dà sórí òun nìkan ju ohun tó tọ́ sí ẹnì kan ṣoṣo lọ.

Ta ni Magellan?

Fernão de Magalhães ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Àwọn ará Sípéènì pè é ní Fernando de Magallanes, ẹnu àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti di Magellan. Apá àríwá ilẹ̀ Pọtogí ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1480, ní ìdílé ọlọ́lá kan tí ọlá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti mú un lọ sí ààfin ní Lisbon, níbi tó ti ṣe ẹmẹ̀wà fún Ayaba Leonor, tó sì ti ń gbọ́ ìròyìn àwọn tó ń ti òkun dé.

Ní ọdún 1505, ó bá ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun Francisco de Almeida lọ sí Íńdíà. Ó jà ní Diu ní ọdún 1509, ó sì wà lára àwọn ọmọ ogun tó gba ìlú Malacca, ní ilẹ̀ tí ń jẹ́ Malaysia lónìí, ní ọdún 1511 lábẹ́ Afonso de Albuquerque. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Malacca sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí rẹ̀.

Kí ló dé tí ọmọ Pọtogí fi lọ ṣiṣẹ́ fún ọba Sípéènì?

Ìbínú wà níbẹ̀, àìrówó ná sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tó padà láti Éṣíà, ó tún lọ jagun fún ọba rẹ̀ ní Azemmour ní ilẹ̀ Mòrókò ní ọdún 1513, níbi tó ti fara gbọgbẹ́ ní ẹsẹ̀ tó sì ti di ẹni tó ń tiro títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Dípò ọpẹ́, ẹ̀sùn ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀, pé ó ń bá àwọn ọ̀tá ṣòwò ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn Ọba Manuel ti kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó bẹ ọba pé kó fi díẹ̀ kún owó tí ààfin ń san fún òun, ọba kọ̀; nígbà tó sì mú ètò ìrìn àjò tuntun wá síwájú rẹ̀, ọba tún kọ̀.

Ní ọdún 1517 ni ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Seville. Ibẹ̀ ni ó ti fẹ́ Beatriz Barbosa, ọmọ ará Pọtogí kan tó ti di ẹni iyì ní ìlú náà, àna rẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn fún un dé ibi tí kì bá má lè dé. Ní ọjọ́ 22 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1518, Ọba Charles, tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú òun àti Rui Faleiro, onímọ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n jọ dá ètò náà sílẹ̀. Faleiro kò bá wọn lọ nígbẹ̀yìn. Ní Pọtogí, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pe Magellan láti ọjọ́ yẹn. Ní Sípéènì ẹ̀wẹ̀, àjèjì ni ó jẹ́ lójú àwọn tó fẹ́ darí, èyí tó wá dá wàhálà sílẹ̀ lójú òkun.

Kí ni wọ́n ń wá gan-an?

Kànáfùrù ni. Kànáfùrù tí a ń rà lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú lónìí, tí àwọn eléwé ọmọ ń dà sínú ìgò àgbo, kò sí ibi tí igi rẹ̀ ti ń hù nígbà náà àfi ní àwọn erékùṣù kéékèèké mélòó kan ní apá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Indonéṣíà báyìí. Ternate àti Tidore ni ó lókìkí jù nínú wọn, Molucca sì ni orúkọ àpapọ̀ wọn. Láti ọwọ́ oníṣòwò kan sí òmíràn ni kànáfùrù fi ń rìn dé Yúróòpù, iye rẹ̀ sì ń lé sí i ní gbogbo ibodè tó bá gbà kọjá.

Ní ọdún 1494, Sípéènì àti Pọtogí ti ṣe àdéhùn kan ní ìlú Tordesillas. Wọ́n fa ìlà kan gba orí Òkun Àtìláńtíìkì ní ìwọ̀n líìgì 370 sí ìwọ̀-oòrùn àwọn erékùṣù Cape Verde, wọ́n sì pín ayé láàárín ara wọn láì bi àwọn onílé léèrè. Ọ̀nà Áfíríkà àti Íńdíà bọ́ sọ́wọ́ Pọtogí. Bí Sípéènì bá fẹ́ dé Molucca, àfi kó gba ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀rẹ́ Magellan kan, Francisco Serrão, ti ń gbé ní Ternate, ó sì ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí i pé ibẹ̀ jìnnà gan-an sí Malacca. Ohun tí Magellan rí fàyọ nínú lẹ́tà náà ni pé bí ó bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí ìlà-oòrùn, a jẹ́ pé apá tí Sípéènì ni ló bọ́ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá ti Pọtogí ni àwọn erékùṣù náà wà, ayé sì tóbi ju bí òun àti Faleiro ti ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ mélòó ni wọ́n gbé lọ?

Ọkọ̀ márùn-ún ni: Trinidad, tí Magellan fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, San Antonio, Concepción, Victoria àti Santiago. Àwọn tó wà nínú wọn lé ní 230, láti Sípéènì, Pọtogí, Ítálì, Gíríìsì, Faransé àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Wọ́n kó bísíkíìtì líle, wáìnì, ẹja oníyọ̀ àti wàràkàṣì fún jíjẹ. Wọ́n sì kó dígí, ọ̀bẹ, fìlà pupa àti ṣaworo ẹgbẹẹgbẹ̀rún fún pàṣípààrọ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1519 ni wọ́n ṣí kúrò ní èbúté Sanlúcar de Barrameda. Wọ́n tọ etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dé ọ̀kánkán Sàró kí wọ́n tó dabuú òkun lọ sí Bràsíl.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn ọ̀gá ọkọ̀ rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ ọn?

Òótọ́ ni, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n borí. Ní òpin oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1520, wọ́n dá ìdákọ̀ró sílẹ̀ ní San Julián, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tí ń jẹ́ Ajẹntínà lónìí, láti dúró de òpin òtútù. Magellan dín oúnjẹ wọn kù. Kò sì sọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà fún ẹnikẹ́ni, ìwà tó ti ń hù láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbéra. Lójú àwọn ọ̀gá ọkọ̀ tó jẹ́ ará Sípéènì, ará Pọtogí kan ló ń kó wọn lọ síbi ikú, kò sì kà wọ́n sí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ìdí.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àjíǹde, Juan de Cartagena, Gaspar de Quesada àti Luis de Mendoza dìde. Kó tó di òwúrọ̀, ọkọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ti wà lọ́wọ́ wọn. Magellan kò yọ idà sí wọn lójú gbangba. Ó kọ lẹ́tà sí Mendoza nínú ọkọ̀ Victoria, ó fi rán Gonzalo Gómez de Espinosa pẹ̀lú àwọn mélòó kan tí wọ́n fi ohun ìjà pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ẹnu lẹ́tà ni Mendoza wà tí wọ́n fi gún un ní ọ̀fun. Bí Victoria ti bọ́ padà sọ́wọ́ Magellan, ó dí ẹnu èbúté pa, ọ̀tẹ̀ sì parí.

Wọ́n bẹ́ Quesada lórí, ìránṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì mú kó bẹ́ ẹ, kí ẹ̀mí tirẹ̀ má baà lọ sí i. Cartagena àti àlùfáà kan ni wọ́n fi sílẹ̀ sí etíkun òtútù yẹn nígbà tí àwọn ọkọ̀ gbéra ní oṣù Ògún, ẹnikẹ́ni kò sì gbúròó wọn mọ́. Nǹkan bí ogójì ọkùnrin mìíràn ni wọ́n dá lẹ́bi ikú, ṣùgbọ́n Magellan dárí jì wọ́n, nítorí bó bá pa wọ́n, ta ni yóò máa fa ìgbòkun? Ọ̀kan nínú àwọn tí a dárí jì wọ̀nyí ni Juan Sebastián Elcano, ará Basque ní àríwá Sípéènì, ẹni tó wá darí ọkọ̀ padà sílé nígbẹ̀yìn.

Ọ̀nà omi tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ńkọ́?

Santiago ti fọ́ sí etíkun kí wọ́n tó débẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1520 ni ọkọ̀ mẹ́rin tó kù rí ẹnu ọ̀nà náà. Tóóró ni, ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 570, ó sì rí kọ́lọkọ̀lọ láàárín àwọn òkè oníyìnyín, débi pé kò sẹ́ni tó mọ èyí tó já sí òkun nínú àwọn apá rẹ̀ àti èyí tí kò já síbì kankan. Ní alẹ́, wọ́n ń rí iná tí àwọn onílé dá ní apá gúúsù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Ilẹ̀ Iná títí di òní. Àárín ọ̀nà yìí ni San Antonio ti sá padà sí Sípéènì pẹ̀lú oúnjẹ púpọ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Bélú, ọkọ̀ mẹ́ta jáde sí òkun gbalasa kan tó parọ́rọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Pàsífíìkì, èyí tí ń jẹ́ òkun àlàáfíà.

Báwo ni wọ́n ṣe la òkun náà já?

Magellan rò pé ọjọ́ díẹ̀ ni yóò gbà wọ́n. Ó lé ní oṣù mẹ́ta tí wọ́n lò láì rí oúnjẹ tútù. Bísíkíìtì wọn di ìyẹ̀fun tí ìdin kún fọ́fọ́, tí ìtọ̀ eku sì ń rùn nínú rẹ̀. Omi mímu pọ́n, ó sì ń rùn. Wọ́n tú awọ màlúù tí wọ́n fi bo òpó ìgbòkun, èyí tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti sọ di líle bí igi, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi òkun fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n yan án lórí ẹ̀yinná, wọ́n sì jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn kó jọ. Eku di ọjà olówó iyebíye: ìdajì owó wúrà dúkátì ni wọ́n ń ta ọ̀kan, wọn kì í sì í rí i tó.

Àrùn scurvy ni ó burú jù. Èrìgì wọn wú bo eyín mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tó rí oúnjẹ pàápàá kò lè jẹ ẹ́. Mọ́kàndínlógún kú. A mọ̀ lónìí pé àìrí èso àti ewébẹ̀ tútù jẹ ló ń fà á, ọsàn díẹ̀ péré ni ì bá sì gbà wọ́n.

Ọjọ́ 6 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1521 ni wọ́n dé erékùṣù Guam. Àwọn ará ibẹ̀ wọ inú ọkọ̀, wọ́n kó ohun tó wù wọ́n, wọ́n sì gbé ọkọ̀ kékeré kan lọ. Magellan kó ogójì ọkùnrin lọ, ó sun ilé wọn, ó pa méje nínú wọn, ó sì sọ ibẹ̀ ní Erékùṣù Àwọn Olè. Àwọn ará Guam náà yóò ti ní orúkọ tí wọ́n pe àlejò wọn, ṣùgbọ́n kò sí akọ̀wé ní ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ta ni Enrique, tí àwọn kan ń sọ pé òun ló kọ́kọ́ yí ayé po?

Ẹrú Magellan ni. Malacca ni ó ti rà á lẹ́yìn ogun ọdún 1511, ó mú un lọ sí Pọtogí, ó mú un lọ sí Sípéènì, ó sì tún mú un dání gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Ní òpin oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1521, ní erékùṣù kékeré kan ní Fílípíìnì, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan sún mọ́ wọn. Enrique kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní èdè Malay, wọ́n sì gbọ́ ohun tó sọ. Kò sí ìwé ìṣirò tó lè fi yé àwọn tó wà lórí ọkọ̀ ju ìyẹn lọ pé wọ́n ti rìn láti ìwọ̀-oòrùn títí wọ́n fi dé ìlà-oòrùn. Ẹrú ni ẹ̀rí náà ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Magellan ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé bí òun bá kú, kí Enrique di òmìnira, kí wọ́n sì fún un ní maravedí 10,000, owó Sípéènì ìgbà náà. Nígbà tí ikú dé, Duarte Barbosa, ìbátan ìyàwó Magellan tó gba ipò rẹ̀, sọ fún un pé kò sí òmìnira kankan, àti pé ẹrú ni yóò jẹ́ fún opó náà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù Èbìbí, ọba Cebu, erékùṣù kan ní Fílípíìnì, pe àwọn àgbà ọkọ̀ wá jẹun, wọ́n sì pa wọ́n síbi àsè náà, Barbosa wà lára wọn. Antonio Pigafetta, tó wà nínú ìrìn àjò náà, kọ ọ́ pé Enrique ló bá ọba gbìmọ̀. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, a mọ ohun tó lé e débẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò hàn nínú ìwé kankan mọ́ lẹ́yìn náà. Bí ó bá rí ọ̀nà padà sí Malacca láti Cebu, a jẹ́ pé ó yí ayé po ṣáájú Elcano.

Báwo ni Magellan ṣe kú?

Àṣejù ló pa á. Ní Cebu, Ọba Humabon gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, òun àti ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ sì ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ 14 oṣù Ìgbé. Inú Magellan dùn débi pé ó pàṣẹ kí gbogbo àwọn olóyè agbègbè náà wá forí balẹ̀ fún Humabon àti fún ọba Sípéènì. Lapulapu, ọ̀kan nínú àwọn olóyè Mactan ní òdìkejì omi, kọ̀ jálẹ̀.

Ọba Charles kò rán an níṣẹ́ ogun yìí, àwọn ọ̀gá tó yí i ká kò fẹ́ kó lọ, Humabon sì fi ọmọ ogun lọ̀ ọ́. Magellan ní kí Humabon jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ kó máa wòran bí àwọn ará Sípéènì ti ń jà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 27 oṣù Ìgbé ọdún 1521, omi fà, òkúta sì kún etíkun, ọkọ̀ kò lè sún mọ́ ilẹ̀, ọta àgbá kò sì lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀tá. Ọkùnrin 49 ló fi ẹsẹ̀ wọ́ omi tó dé itan wọn. Pigafetta, tó wà lára wọn, fojú bù ú pé 1,500 ni wọ́n bá níwájú. Àwọn jagunjagun Mactan tètè rí i pé irin bo orí àti àyà àwọn àlejò, ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n sì dojú kọ. Ọfà olóró wọ ẹsẹ̀ ọ̀tún Magellan, ọ̀kọ̀ bá a ní apá, wọ́n fi ohun ìjà bí àdá ńlá ṣá a ní ẹsẹ̀ òsì, ó sì dojú bolẹ̀ sínú omi. Humabon fi ọjà ránṣẹ́ láti ra òkú rẹ̀ padà. Àwọn ará Mactan dáhùn pé àwọn kì yóò fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ohun ìrántí ni yóò jẹ́ fún àwọn.

Nígbà náà, ta ló parí ìrìn àjò náà?

Elcano àti àwọn mẹ́tàdínlógún mìíràn. Lẹ́yìn ìpakúpa Cebu, àwọn tó kù kò tó darí ọkọ̀ mẹ́ta mọ́, wọ́n sì sun Concepción. Ọjọ́ 8 oṣù Bélú ọdún 1521 ni méjì tó kù dé Tidore, wọ́n ra kànáfùrù títí ọkọ̀ fi kún. Trinidad ń jò, wọ́n fi í sílẹ̀, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn Pọtogí nígbẹ̀yìn. Victoria nìkan ló dabuú Òkun Íńdíà, tó yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà ká ní oṣù Èbìbí ọdún 1522, tó ń yẹra fún gbogbo èbúté tí Pọtogí wà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ebi ń pa wọ́n kú lọ. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Sanlúcar ní ọjọ́ 6 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀.

Ọba fún Elcano ní àmì oyè tó ní àwòrán ayé lórí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ èdè Látìn tó túmọ̀ sí pé, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó yí mi po. Pé ó ti wà lára àwọn ọlọ̀tẹ̀ San Julián kò dí i lọ́wọ́.

Kí ni ìtàn ọjọ́ kan tó sọnù?

Nígbà tí wọ́n yà sí Cape Verde ní oṣù Agẹmọ ọdún 1522 láti wá oúnjẹ, Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà nínú ìwé wọn, ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ó ya Pigafetta lẹ́nu, nítorí kò sí ọjọ́ kan tí kò kọ nǹkan sílẹ̀. Kò ṣì í kà. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn yí gbogbo ayé po yóò rí ìlà oòrùn ní ẹ̀ẹ̀kan péré dín sí ẹni tó jókòó sílé. Ibẹ̀ náà ni àwọn Pọtogí ti fura sí kànáfùrù, tí wọ́n sì mú mẹ́tàlá nínú wọn.

Ṣé wọ́n jèrè?

Àpò kànáfùrù 381 tó wà nínú Victoria tó láti dí owó tí wọ́n fi pèsè ọkọ̀ márààrún. Àwọn tó ṣe ìṣirò náà kò mẹ́nu kan ẹ̀mí tó ṣòfò. Ní ti Molucca, ọba Sípéènì ta ẹ̀tọ́ tó ń jà sí fún Pọtogí ní ọdún 1529 ní dúkátì 350,000.

Ìdílé Magellan ńkọ́?

Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré ti kú kí Victoria tó dé.

Ṣé òun ló fi hàn pé ayé rí roboto?

Rárá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ẹgbàá ọdún sẹ́yìn lónìí, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ọba tí ì bá náwó sí i. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ wọn ni bí Pàsífíìkì ti fẹ̀ tó.

Níbo ni orúkọ rẹ̀ wà lónìí?

Ó wà lára ọ̀nà omi náà, tó jẹ́ ọ̀nà pàtàkì fún àwọn ọkọ̀ títí wọ́n fi ṣí Ìladò Panama ní ọdún 1914. Ó wà lára ẹyẹ pẹngúìnì kan, àti lára ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ méjì tó dà bí ìkùukùu ní ojú ọ̀run gúúsù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onílé ti ń wò wọ́n tipẹ́ kí baba ńlá rẹ̀ tó wáyé. Ní ọdún 1989, NASA fi ọkọ̀ òfuurufú kan tó ń jẹ́ Magellan ránṣẹ́ sí Àgùàlà, ìràwọ̀ tí a ń pè ní ajá oṣù, ó sì ya àwòrán ilẹ̀ ibẹ̀.

Ojú wo ni àwọn ará Fílípíìnì fi ń wò ó?

Ojú méjì. Ẹ̀sìn Kátólíìkì tó bá Magellan wá ni ẹ̀sìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ère Jésù ọmọdé tí wọ́n fún ìyàwó Humabon sì wà ní ilé ìjọsìn ńlá kan ní Cebu di òní, tí ogunlọ́gọ̀ ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Sípéènì padà wá ní ọdún 1565, ó sì jókòó lé ilẹ̀ náà títí di ọdún 1898, débi pé orúkọ ọba Sípéènì kan, Felipe, ni orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́. Nítorí náà, Lapulapu ni akọni wọn, ọjọ́ 27 oṣù Ìgbé sì ni ọjọ́ ìrántí rẹ̀.

Ní Mactan, nínú ìlú tó ń jẹ́ Lapu-Lapu, òpó ìrántí tí àwọn ará Sípéènì kọ́ fún Magellan ní ọdún 1866 ṣì wà ní ìdúró. Ère idẹ Lapulapu wà nítòsí rẹ̀, ó mú idà àti asà dání. Lọ́dọọdún, àwọn òṣèré máa ń pé jọ sí etí omi láti tún ìjà náà jà, ẹni tó bá sì ṣe Magellan yóò ti mọ̀ kó tó wọ irin sára pé inú omi ni òun yóò ṣubú sí.